Ta Ni Yóò Bá a Dé Arò?

Ẹ mọ ọmọ tí mò ń sọ. Ó ń gbé ní òpópó yín. Ó ti lé díẹ̀ ní ogún ọdún. Ẹ mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ síléèwé, òun lẹ sì máa ń rán lọ ra iyọ̀. Ní báyìí, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń lẹ táyà ló máa ń jókòó sí. Á máa họ ara, á máa tòògbé lójú ọ̀sán gangan. Bí ẹ bá kí i, ó dìgbà díẹ̀ kó tó dáhùn. Jẹnẹrétọ̀ ìyá rẹ̀ ti di àwátì. Sílíńdà gáàsì náà ti tẹ̀lé e.

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́.

Ẹ̀yin ará Ìlaròó, ẹ̀yin ará Ayétòrò, Òkè-Ọ̀dàn, Ọjà-Ọ̀dàn, Ìmẹ̀kọ, títí dé Ìdí-Ìrókò, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mi ò pe gómìnà. Mi ò pe aṣòfin. Tiwọn wà lọ́tọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń se ìrẹsì tà, ẹ̀yin tí ẹ ń gun ọ̀kadà, ẹ̀yin onílé, ẹ̀yin alájọ, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Ọmọ yìí nílò ìtọ́jú, kò sì ní dá lọ. Ìyá rẹ̀ náà kò lè dá mú un lọ. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ bá wọn dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ẹni náà.

Èmi náà ti dákẹ́ rí. Ọmọ aládùúgbò mi kan ni, ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá dáadáa. Mo rí i tó ń rù, tó ń rojú, tó ń purọ́ owó. Mo ní bàbá rẹ̀ lórúkọ láàárín ìlú, kí n má lọ dójú tì í. Ọdún méjì gbáko ni mo fi dákẹ́. Lọ́jọ́ tí mo wá la ẹnu, bàbá náà jókòó, ó sunkún. Ó ní òun ti ń retí ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ ọ́. Ọdún méjì yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kánjú bá yín sọ̀rọ̀.

Ọmọ Yewa ni wá. Ẹ̀fẹ̀, eégún eré wa, a máa jáde lóru, a máa fi orin sọ ohun tó ń ba ìlú jẹ́ sétígbọ̀ọ́ tọmọdé tàgbà. Àwa tí a ní irú àṣà yìí, kí ló sọ ọ̀rọ̀ ọmọ tiwa di ohun tí à ń fọwọ́ bo ẹnu sọ? Mi ò ní kí ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ kọrin o. Mo ní kí ẹ bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

Ẹ má rò pé ọmọ yẹn nìkan ni oògùn olóró ti di bárakú fún. Ìwádìí oògùn lílò ti ọdún 2018, tí àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, NBS, àti àjọ UNODC ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe, fi yé wa pé mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn, láti ẹni ọdún 15 dé 64, ló lo oògùn olóró tàbí tó ṣi oògùn ilé ìwòsàn lò láàárín ọdún kan. Wọn ò ka ọtí, wọn ò ka sìgá. Kárí Nàìjíríà, bí ẹnìkan nínú méje ni. Ní Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn tiwa níbí, ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ó ju ẹnìkan nínú márùn-ún lọ. Ẹ wo ìjókòó yín níbi ìpàdé ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kí ẹ kà á wò.

Bí a bá kó mẹ́rin jọ nínú àwọn tó ń lò ó, obìnrin ni ọ̀kan. Nítorí náà, ẹ má wo ọmọkùnrin ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù nìkan. Ọmọbìnrin tó ń ra oògùn ikọ́ lójoojúmọ́, tí kò sì wúkọ́, ẹ wo òun náà.

Ọ̀rọ̀ tún yàtọ̀ lọ́dọ̀ àwa tí a wà létí ẹnubodè. Fàyàwọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sán. Ọmọ tó ń fi ọ̀kadà gbé àpò ìrẹsì gba inú igbó lóru, ẹ̀yìn ń dùn ún, oorun ń kùn ún, ẹ̀rù kọ́sítọ́ọ̀mù ń bà á. Ẹnìkan á ní, "Gbé èyí mì, kò ní rẹ̀ ọ́." Trámà nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ràn rẹ̀ ló sì fún un, kì í ṣe ọ̀tá. Oògùn ìrora gidi ni tramadol, dókítà a máa kọ ọ́ fún ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ṣùgbọ́n 50 tàbí 100 mílígíráàmù ni ti dókítà. Èyí tó ń ti ẹnubodè wọlé, 225 ni, òmíràn 250. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kì í ṣe torí iṣẹ́ ló fi ń mì í mọ́. Bí kò bá mì í, gbogbo ara á máa ro ó, inú á máa yọ ọ́ lẹ́nu, imú á máa ṣomi, oorun á sì kọ̀ ọ́.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba ti ẹnubodè. Ìdí-Ìrókò kò ṣí padà àfi oṣù kẹrin ọdún 2022. Iṣẹ́ dúró fún ọ̀pọ̀ ọmọ wa. Trámà kò dúró. Ọdún kan ṣáájú kí wọ́n tó ti ẹnubodè, ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, ìjọba ti fòfin de oògùn ikọ́ olómi tó ní codeine nínú. Ẹni tó ń mu ún kò tìtorí ẹ̀ jáwọ́. Ó wá òmíràn. Igbó wà ńlẹ̀, kòlórádò wà ńlẹ̀, ògógóró tí wọ́n rẹ igbó sí náà wà. Òfin lè dí ọ̀nà oògùn. Kò lè mú ọmọ dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ènìyàn ló ń ṣe ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ẹbí báyìí, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹnu ti ń ya.

Aládùúgbò á ní ìyá rẹ̀ ló kẹ́ ẹ bà jẹ́. Ìyá á ní ọ̀rẹ́ ló kó o mọ́ra. Bàbá á ní ìdílé ìyá rẹ̀ ni wọ́n ti ń ya irú ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá á ní ayé ló ń ṣe é. Gbogbo wọn ń pariwo, ọmọ ń rù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀bi sílẹ̀. Ìtàn ẹbí wúlò, ó wúlò gan-an. Ọ̀dọ̀ dókítà ló ti wúlò.

Ẹ wo bí ìtàn náà ṣe máa ń rí. Ìyá ń tajà l'Ékòó, ó ń wálé lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bàbá ní ilé mìíràn ní Sàngó. Ìyá àgbà ló tọ́ ọmọ ní Ayétòrò títí ìyá àgbà fi kú. Owó iléèwé tán ní SS2. Wọ́n ní kó lọ kọ́ṣẹ́ dírẹ́bà lọ́dọ̀ àbúrò bàbá, ẹni yẹn náà kì í sì gbéra láàárọ̀ láìmu ṣẹ́pẹ́. Mi ò sọ ilé ẹnì kan. Bí ìtàn bá jọ ti ilé yín, ẹ má bínú, ilé tó jọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ láti Ìgbógilà dé Ajílété. Ikú ìyá àgbà yẹn, owó iléèwé tó tán yẹn, ọtí àbúrò bàbá yẹn, ohun tí dókítà fẹ́ gbọ́ nìyẹn.

Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ rèé. Ẹ mú bébà àti bírò. Ẹ jókòó ti ìyá rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Kí ló ń mu, ẹyọ mélòó lójúmọ́? Ṣé ó ń pò ó mọ́ ọtí? Ṣé gìrì ti gbé e rí? Ṣé ó ti sọ pé òun fẹ́ kú rí? Ṣé ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́? Ta ló tọ́ ọ dàgbà? Ta ni nínú ẹbí, lọ́dọ̀ ìyá tàbí lọ́dọ̀ bàbá, tí ọpọlọ rẹ̀ ti dàrú rí, tàbí tí ọtí ti di bárakú fún? Àìsàn mìíràn wo ló ń ṣe é? Nọ́ọ̀sì máa bi yín ní gbogbo èyí. Bí ẹ bá fi òtítọ́ pamọ́ nítorí orúkọ ẹbí, ìtọ́jú máa gba ibi tí kò yẹ. Aládùúgbò sì máa ń mọ ohun tí ìyá kò mọ̀. Ìwọ tí ò ń ta ìrẹsì, o mọ ìgbà tó jẹun gbẹ̀yìn. Ìwọ ọlọ́kadà, o mọ ibi tí ò ń gbé e lọ lálẹ́. Ẹ sọ ọ́.

Ọmọ náà ńkọ́? Ẹ má bá a sọ̀rọ̀ nígbà tó bá ti yó. Ẹ má bá a sọ ọ́ lójú èrò. Òwúrọ̀ ló dára, kó jẹun tán. Ẹni tó bá máa ń gbọ́ tirẹ̀ ni kó sọ ọ́, bó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, bó jẹ́ kóòṣì bọ́ọ̀lù. Ẹ má wàásù. Ẹ ní, "Mo ti rí i pé ara rẹ kò le. Mélòó lò ń mì lójúmọ́ báyìí? Tó o bá fẹ́ ká lọ rí dókítà, èmi ni màá bá ọ lọ." Kó yé yín pé á kọ́kọ́ kọ̀. Á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi mí sílẹ̀, mo lè fi í sílẹ̀ nígbà tó bá wù mí." Ẹ má jà. Ẹ tún padà lọ lọ́jọ́ kẹta. Ẹ tún padà lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ara rẹ̀ á ro ó jù, tí á ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ." Kí ọjọ́ yẹn tó dé, kí owó ọkọ̀ ti wà nílẹ̀.

Ẹ má tì í mọ́ yàrá pé kó máa dá jáwọ́ o. Ẹni tó ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́, tàbí tó ti ń lo oògùn oorun tipẹ́, bó bá dáwọ́ rẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan náà, gìrì lè gbé e, ó sì lè pa á. Dókítà ló mọ bí a ṣe ń dín in kù.

Ibo ni ká wá gbà? Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín. Dókítà á yẹ̀ ẹ́ wò, á sì kọ lẹ́tà tí ẹ máa mú lọ síbi ìtọ́jú ńlá. Ibi tó sì sún mọ́ wa jù ni ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Arò, l'Ábẹ́òkúta. Ẹni tó ń ti Ayétòrò bọ̀, ọ̀nà Láfẹ́nwá ló máa bá wọ ìlú. Ẹni tó ń ti Ìlaròó bọ̀, kó gba Pápálántò, kó kọjá Ìtòrí. Kò tó ìrìn àjò Èkó. Ẹ̀ẹ̀melòó la ti gba ọ̀nà yìí lọ sí òde ìnáwó?

Mo mọ ohun tí orúkọ Arò máa ń ṣe sí wa létí. Bí ẹnìkan bá sọ ọ́, èkejì á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ṣé wèrè ni?" Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Arò jẹ́ fún yín.

Thomas Adéoyè Lambo, tí wọ́n bí l'Ábẹ́òkúta ní ọdún 1923, tó kàwé ìṣègùn ní Birmingham, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní ọdún 1954. Kò ti aláìsàn mọ́lé. Ó lọ bá àwọn ará abúlé tó yí Arò ká, ó ní kí wọ́n gba aláìsàn sínú ilé wọn. Àwọn àgbẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n òfin kan wà: aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dá wá. Ó gbọ́dọ̀ mú ẹbí kan dání, ó kéré tán. Ìyá lè bá a wá, ẹ̀gbọ́n lè bá a wá. Ẹbí náà á máa se oúnjẹ rẹ̀, á máa fọ aṣọ rẹ̀, á mú un lọ gba oògùn láàárọ̀, á sì mú un padà sí abúlé. Ní ọ̀sán, aláìsàn á bá wọn dé oko. Ó ń gba ìtọ́jú, ó sì ń gbé láàárín ènìyàn.

Ayé wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ wa. Lambo fúnra rẹ̀ di igbákejì ọ̀gá àgbà ní àjọ ìlera àgbáyé, WHO, láti ọdún 1973 dé 1988. Ẹ jẹ́ kó yé wa dáadáa: àwọn àgbẹ̀ inú abúlé, tí wọn ò kàwé ìṣègùn, ní ipa tiwọn nínú ohun tí àwọn dókítà àgbáyé wá ń wò. Yàrá ni wọ́n fi sílẹ̀. Oúnjẹ ni wọ́n jọ jẹ. Wọ́n gba àlejò tí ara rẹ̀ kò yá. Ìyẹn ò kọjá agbára yín ní Òkè-Ọ̀dàn.

Lónìí, wọ́n ń tọ́jú àwọn tí oògùn ti di bárakú fún ní Arò. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀fẹ́. Nítorí náà, kí ẹnìkan kọ́kọ́ lọ béèrè. Kó béèrè iye owó, kó béèrè ohun tí wọ́n máa kó dání, kó béèrè bóyá ẹbí gbọ́dọ̀ dúró tì í. Kó béèrè àwọn òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn tó wà nílé ìwòsàn náà, kó sọ bí agbára ẹbí ṣe mọ. Lẹ́yìn náà, ẹ dá a jọ. À ń dáwó aṣọ ẹbí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. À ń dáwó ìsìnkú ní ọjọ́ méjì. Ẹ̀yin alájọ, ẹ ṣí ojú ìwé kan fún ọmọ yìí. Bí ẹni ogún bá ń dá igba náírà lójúmọ́, owó á wọlé.

Ìwádìí ọdún 2018 yẹn kan náà sọ ọ́: ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń lo oògùn ló fẹ́ ìtọ́jú, tí wọn ò rí i gbà. Owó dí wọn lọ́nà. Ìtìjú dí wọn lọ́nà. Méjèèjì ló wà níkàáwọ́ àdúgbò.

Ẹ̀rù àgọ́ ọlọ́pàá náà ń bà yín, mo mọ̀. Ẹ gbọ́. NDLEA, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1989 láti gbógun ti oògùn olóró, ní ẹ̀ka tó ń gba ni nímọ̀ràn, tó sì ń tọ́ka ibi ìtọ́jú. Nọ́ńbà wọn rèé: 0800 1020 3040. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fi í sórí fóònù yín kí ẹ tó ka ìlà tó kàn.

Pásítọ̀, Àlùfáà, ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n máa kọ́kọ́ gbé e wá sọ́dọ̀ yín. Ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ sì gbé e sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Abẹ́òkúta. Ẹ má gbà kí wọ́n so ọmọ ènìyàn mọ́lẹ̀ nítorí pé ẹ fẹ́ wò ó sàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá kó ènìyàn 259 jáde níbi kan tí wọ́n ń pè ní ilé àtúnṣe ní Ọ̀jọ́ọ̀, n'Ìbàdàn. Ẹbí ló mú ọ̀pọ̀ wọn lọ síbẹ̀. Àwọn kan ti gbẹ, egungun wọn ń hàn. Àwọn òbí yẹn ò níkà nínú; ó ti sú wọn ni, wọn ò sì rí ẹni bá wọn gbèrò. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, Nàìjíríà ti ní òfin ìlera ọpọlọ tuntun, ó rọ́pò òfin ọdún 1958 tó ń wo aláìsàn gẹ́gẹ́ bíi wèrè lásán. Kí ẹ tó mú ọmọ lọ sí ilé àtúnṣe kankan, ẹ bi wọ́n: dókítà wo ló wà níbí? Ṣé a lè wá wò ó nígbàkígbà? Ẹ jẹ́ ká rí ibi tó máa sùn. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ mú ọmọ yín padà sínú ọkọ̀.

Ohun kan wà tí gbogbo wa gbọ́dọ̀ mọ̀, torí ó lè ṣẹlẹ̀ lálẹ́ òní. Bí ẹ bá bá a nílẹ̀ tí kò jí, tó ń mí díẹ̀díẹ̀, tí ètè rẹ̀ ti ń dúdú, ó ti mu jù nìyẹn. Ẹ má rọ epo sí i lẹ́nu. Ẹ má rọ mílíìkì. Ẹ má da omi tútù lé e lórí. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan kí èébì má bàa dí i lọ́nà ọ̀fun. Bó bá jẹ́ pé gìrì gbé e, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ kó ohun líle kúrò lẹ́bàá rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá, kí ẹ sì mú páálí ohun tó mu dání. Ẹ sọ òtítọ́ fún nọ́ọ̀sì. Ìṣẹ́jú tí ẹ fi ń rò pé kí ni wọn á sọ, ìṣẹ́jú tirẹ̀ ló ń lọ.

Ẹ̀yin oníkẹ́míìsì, mi ò gbàgbé yín. Ẹ mọ ojú tó ń wá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹ má tà á. Ẹ pè é sẹ́yìn káńtà, ẹ fún un ní nọ́ńbà yẹn. Ẹ̀yin alágbo, ẹ̀yin oníparaga, ọmọ tó bá wá sọ́dọ̀ yín láàárọ̀ kùtù láìtíì jẹun, ẹ ní kó lọ jẹun ná. Alága gáréèjì, bí ẹ bá rí dírẹ́bà tó ń gbé nǹkan mì kó tó wa ọkọ̀, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ má lé e níṣẹ́ pátápátá. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló kù fún un. Ẹ̀yin olùkọ́ Pólì n'Ìlaròó, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ wọn ní ọgbà Yunifásítì ní Ayétòrò, ọmọ tí kò wá sí kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan yà wò ó ní yàrá.

Ibi tó le jù kò tíì dé. Ìgbà tí ọmọ náà bá dé láti Arò ló le jù.

Á sanra díẹ̀. Ojú rẹ̀ á mọ́. Ìyá rẹ̀ á fẹ́ pa adìyẹ. Ẹ jẹ adìyẹ náà, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí sọ́kàn: ara rẹ̀ ti gbàgbé oògùn. Bó bá padà gbé iye tó máa ń mì tẹ́lẹ̀ mì, ó lè pa á lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹni kan jáde wà lára ìgbà tó léwu jù. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ má kó owó lé e lọ́wọ́. Ẹ má pè é ní jọńkì, ẹ má pè é ní ọmọ Arò. Ẹ pè é lórúkọ rẹ̀.

Dókítà á fún un ní ọjọ́ tó máa padà wá. Kí ẹnìkan kọ ọjọ́ yẹn sára kàlẹ́ńdà tirẹ̀, kó sì bá a lọ. Kí télọ̀ kan, kí kápẹ́ńtà kan, kí ẹni tó ń fi mọ́ṣínì lọ ata kan gbà á fún iṣẹ́ ọ̀sán, kó má jókòó. Bó bá tún ṣubú, ẹ má ní, "Mo ti sọ." Àìsàn tó máa ń padà wá ni, bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe máa ń ga padà bí ẹnìkan bá pa oògùn rẹ̀ tì. Ẹ tún gbé e lọ.

Mo ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ní ọwọ́ yín dí. Ọjọ́ ọjà ni ọ̀la. Ẹ ní kì í ṣe ọmọ yín. Bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe ọmọ yín. Ìyá tó bí i ti ń gbé e nìkan láti ọdún mélòó kan, kò sì ṣe tán láti jẹ́ kí ẹ rí omijé rẹ̀. Ẹnìkan ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ẹ jẹun alẹ́ yín. Ẹ wọ bàtà. Ẹ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Bó bá ṣí i, ẹ kí i dáadáa, ẹ wọlé, ẹ jókòó, kí ẹ sì ní, "Ìyá mi, èmi náà ti rí i. Ọjọ́ wo la jọ ń lọ?"